Ó Ní Òun Gbàgbé Ọmọ Òun

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti mọ ohun tí ojú mi máa rí lọ́wọ́ yín. Ẹ ó ka ìtàn yìí tán, ẹ ó pa ìwé dé, ẹ ó bá iṣẹ́ yín lọ. Tó bá ṣe díẹ̀, tí ẹnìkan bá dárúkọ mi, ohun tí ẹ ó rántí ni pé èmi ni obìnrin tó gbàgbé ọmọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì.

Mi ò gbàgbé ọmọ mi sínú bọ́ọ̀sì. Ẹ fi ìka tẹ gbólóhùn yìí mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ. Mo mọ̀ pé ó máa sá lọ náà ni. Èkejì rẹ̀, pé mo gbàgbé, ni kì í lọ.

Aṣọ ni mò ń lọ ní ilé ìfọṣọ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ọ̀nà ló ń gbé ju ilé lọ. Èmi àti ọmọbìnrin wa wà ní yàrá kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti ìyàwó wọn, ìyẹn ìyálé mi, pẹ̀lú ọmọ tiwọn, wà ní yàrá kejì, ilé ìdáná kan ṣoṣo la jọ ń lò. Kí-Nìyẹn ni gbogbo ilé ń pe ọmọ mi, torí kò sí ohun tí kì í nawọ́ sí kó ní, "Mọ́mì, kí nìyẹn?" Ó nawọ́ sí òṣùpá. Ó nawọ́ sí imú onílé wa. Onílé ò tíì dá a lóhùn títí dòní.

Oníjàyà èèyàn ni mí. Bí ọmọ bá sùn, mo máa ń gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, mo máa ń padà lọ mì ín wò. Màámi, ìyẹn ìyá ọkọ mi, ti rí mi nídìí ilẹ̀kùn yẹn rí, wọ́n sì ti ní, "Ẹni tí iyè rẹ̀ bá pé kì í padà wo ohun tó ti tì." Àṣé ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kó igi jọ.

Nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, níbi tí mo ti kọ́ ìwé tí mo fi ń kọ èyí sí yín. Ibẹ̀ ni Dókítà ti wá bá wa. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Dókítà ìwé ni, láti yunifásítì, ọ̀dọ́bìnrin bíi tèmi. Ohun tó ń wádìí ni bí ọkàn èèyàn ṣe ń rántí ẹlòmíràn: ìdí tí a fi ń wo ẹnìkan tí inú wa ń yọ́ sí i, tí a tún ń wo ẹlòmíràn tí ara wa ń kọ̀ ọ́. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń lò tẹ́lẹ̀, ó wá fẹ́ àwọn tí ayé ti fọwọ́ bà.

Ó fi fọ́tò hàn wá. Lábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ohun tí ẹni náà sọ síbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé. Ó ní, "Aládùúgbò mi máa ń ta ajá rẹ̀ nípàá." Nígbà tó yá, Dókítà kó àwọn fọ́tò náà padà wá láìsí ọ̀rọ̀ lábẹ́ wọn, ó ní ká sọ irú èèyàn tí a rò pé oníkálukú wọn jẹ́.

Mo fi ìka kan eléti fífẹ̀. "Èyí? Ìkà ni. Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́."

Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rò pé mo yege.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni mo bá ìyálé mi nílé ìdáná, tí wọ́n gbé iwájú orí ti ògiri. Iná ò sí lábẹ́ ìkòkò.

"Àǹtí, kí ló dé?"

"Pa ilẹ̀kùn dé."

Mo pa á dé.

"Mo gbàgbé ọmọ sínú bọ́ọ̀sì."

Wọ́n ní àwọn ń ti ọjà bọ̀, ẹrù lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹrù lọ́wọ́ òsì, ọmọ sì ti sùn lọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn sọ̀kalẹ̀, àwọn rìn délé, àfìgbà tí àwọn fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn wá rí i pé ọwọ́ àwọn kún ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn fúyẹ́. Awakọ̀ ló rí ọmọ ní ibùdókọ̀ ìparí. Ọmọ náà ṣì ń sùn nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀.

"Òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkankan ṣẹlẹ̀," ìyálé mi ní. "Èmi ni mo mọ̀. Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́, kí Ìyá wa má gbọ́ o. Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí kànga," mo dá wọn lóhùn. "Kò sí okùn tó máa fà á jáde."

Mo dì mọ́ wọn. Ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí, bí ẹ ò tilẹ̀ gbà mí gbọ́ níbòmíràn: lọ́jọ́ náà, tọkàntọkàn ni.

Ṣùgbọ́n Màámi wá kí wa. Bí Kí-Nìyẹn ṣe gbọ́ ohùn wọn, ó sáré jáde lọ pàdé wọn, ó sì ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ bàtà òsì.

"Ìyàwó kékeré! O rí bàtà yìí? Ọmọ rẹ ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ."

"Ẹ má bínú, Màámi. Òun ló fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́."

"Òun ló fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́! Ìwọ ńkọ́, ta ló ń wọ tìrẹ fún ọ?" Wọ́n yíjú sí ìyálé mi, ohùn wọn sì rọ̀ bí ẹni ń pe ọmọ sùn. "Ẹ wo ìyàwó àgbà. Ẹ wo ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí, mi ò gbọ́ kó ní òun gbàgbé nǹkan rí."

Ìyálé mi wo ilẹ̀. Èmi wo ìyálé mi.

Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá láti inú kànga. Kò dúró de okùn. Ó dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó jókòó síbẹ̀. Mo gbé e mì lójú Màámi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Màmá kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ń rán bọ́tìnnì tó bá já, Alábẹ́rẹ́ là ń pè wọ́n. Ojú wọn kì í kúrò lára abẹ́rẹ́, etí wọn kì í kúrò lára èèyàn.

"Ìyá Kí-Nìyẹn, kí ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe fún ọ tí o fi ń lọ ọ́ bí ẹni pé ó bú ìyá rẹ?"

"Kò sí, mà."

"Kò-sí ni orúkọ nǹkan tó wà. Sọ ọ́."

Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní dárúkọ. Mo rò pé ẹni tí kò bá dárúkọ ò tíì dalẹ̀.

"Ìyàwó ilé wa kan ni," mo ní. "Ó ní òun gbàgbé ọmọ òun sínú bọ́ọ̀sì."

Abẹ́rẹ́ dúró. Àwọn tí ń fọṣọ pa omi. Ọ̀gá wa yọ orí láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ń kà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ mọ adùn tó wà nínú kí gbogbo ilé dákẹ́, kí wọ́n máa wo ẹnu yín? Mi ò tọ́ ọ wò rí láyé mi. Nílé, èmi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Níbẹ̀, èmi ni mò ń sọ ọ́.

Mo bá fi ṣeré. Mo kó aṣọ sí apá ọ̀tún, mo kó aṣọ sí apá òsì. Mo fà gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn. "Yéè! Ẹ̀yìn mi fúyẹ́! Ọmọ mi dà?" Mo ju aṣọ nù, mo di orí mú, mo sáré yí tábìlì ká, omi sì jáde lójú mi lóòótọ́. Mo tún fi iyọ̀ sí i. Mo ní ọmọ náà jí, ó ń fi ṣíbí pupa kan gíláàsì ọkọ̀, kó, kó, kó, kò sẹ́ni tó gbọ́. Kò sí ṣíbí kankan. Orí tábìlì aṣọ lílọ ni mo ti rọ ṣíbí náà.

Ọ̀gá fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú. "Ìwọ yìí! Tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kó o wà."

"Ta ni ìyàwó ilé náà?" Alábẹ́rẹ́ bi mí.

"Mi ò lè sọ, mà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n fọwọ́ bà mí léjìká, jẹ́jẹ́. "Kò burú. Ó ti yé mi."

Mo rò pé ó yé wọn.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú mi. Bí mo bá fẹ́ kúrò níbi iṣẹ́, Alábẹ́rẹ́ á ní, "Ọmọ ńkọ́? O ti rántí yà mú un?" Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ẹni tí kò kí mi rí, á ké láti iwájú, "Ìyá Kí-Nìyẹn, ẹ wẹ̀yìn o! Ṣé ẹrù pé?" Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ń sọ fún ọkọ mi lórí fóònù pé àwọn ará àdúgbò wa ti ń fẹ́ràn mi.

Ó wá di ọjọ́ òjò kan. Mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó dé ilé ìtọ́jú ọmọ tí mo máa ń gbé ọmọ mi sí bí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Mo bá Àǹtí olùtọ́jú lẹ́nu ọ̀nà, Kí-Nìyẹn wà lórí itan wọn, fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ ti dé! A ti fẹ́ máa pe ìyá ọkọ yín."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Òjò ló dá mi dúró."

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn..."

"Bọ́ọ̀sì wo?"

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Ẹnikẹ́ni ló lè gbàgbé."

Mi ò mọ bí mo ṣe gbé ọmọ. Inú òjò yẹn náà ni mo padà gbà dé ọ̀dọ̀ Alábẹ́rẹ́.

"Mà, ẹ̀yin lẹ sọ pé mo gbàgbé ọmọ mi!"

"Èmi kẹ̀? Ẹnu mi ò sọ ju ohun tí ẹnu rẹ sọ lọ. Wọ́n bi mí pé kí ló ń ṣe ọ́. Mo ní, 'Ó ní òun gbàgbé ọmọ òun sínú bọ́ọ̀sì.' Ṣé kì í ṣe ohun tí o sọ nìyẹn?"

"Òun ni, ṣùgbọ́n..."

"Mo fi kún un?"

"Ẹ ò fi kún un, mà."

"Mo yọ níbẹ̀?"

"Ẹ ò yọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 'ó' tí mo ní yẹn, kì í ṣe èmi!"

"Ta wá ni?"

Mo la ẹnu. Mo pa á dé.

"Ọmọ mi," Alábẹ́rẹ́ ní, "ojú mi méjèèjì yìí ló rí ọ. O di orí mú. O sunkún. Ta ló ń sunkún ọ̀ràn ẹlòmíràn báyẹn? Nu ojú rẹ. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ wí."

Wọn ò purọ́. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, kò sẹ́ni tó purọ́. Gbólóhùn kan náà ni. Lẹ́nu mi, "ó" ni ìyálé mi. Nígbà tó dé ẹnu Alábẹ́rẹ́, "ó" ti di èmi. Bí mo bá sì ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́ nípa ẹni tó jù mí lọ, tí mo ní, "Wọ́n ní àwọn gbàgbé ọmọ àwọn," ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ̀nà ilé. Kò sí bí Alábẹ́rẹ́ ṣe máa fi "wọ́n" pe irú èmi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ìyálé mi lọ́jọ́ náà, mo bọ́ ọ̀wọ̀ lára wọn. Ẹ ó ti rí i pé "wọ́n" ni mò ń lò fún wọn nínú ìtàn yìí látòkè délẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dókítà padà wá sí kíláàsì wa tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ti tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, ó sì ti kọ ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè wa kí àwa tó ràn án lọ́wọ́ lè kà á. Tíṣà ní ká pàtẹ́wọ́. A pàtẹ́wọ́.

Dókítà kà á fún wa. Ó ní bí ẹnìkan bá ń sọ ìwà ẹlòmíràn, bó ṣe ń sọ ọ́ ni ìwà náà ń lẹ̀ mọ́ òun tó ń sọ ọ́ nínú ọkàn àwọn tó ń gbọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á gbàgbé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá, ẹnu tó sọ ọ́ ni wọ́n á rántí. Ó ní òun tilẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn kan tẹ́lẹ̀ kí wọ́n ṣọ́ra, síbẹ̀ bákan náà ló rí.

Káfíńtà kan wà ní kíláàsì wa. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Dókítà, ìyẹn ni pé bí mo bá ní olè ni káfíńtà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, èmi lẹ ó máa tilẹ̀kùn mọ́?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o! Káfíńtà yẹn, ọmọlúàbí ni! Mi ò rí irú rẹ̀ rí!"

Kíláàsì fi ẹ̀rín bú. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, kò mọ ohun tó ń rín. Èmi ń wo ọkùnrin eléti fífẹ̀ nínú ọkàn mi. Bóyá àánú ajá ló ṣe é. Èmi ni mo pè é ní ìkà, mo tún ní ojú rẹ̀ ló sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n túká, mo dúró de Dókítà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bọ́ọ̀sì, ìyálé mi, Alábẹ́rẹ́.

"Báwo lẹ ṣe ń yọ ọ́?" mo bi í.

"Yíyọ kẹ̀?"

"Ẹ ti mọ bó ṣe ń lẹ̀. Báwo ló ṣe ń ṣí?"

Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Ìyẹn ò sí nínú ìwádìí mi."

"Bí mo bá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kì í ṣe èmi ńkọ́?"

"Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́, ẹ̀yin àti bọ́ọ̀sì náà á tún jọ jókòó pọ̀ ni." Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó dùn ún. Ó fún mi ní ẹ̀dà ìwé náà, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ pa Kí-Nìyẹn lórí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò kúkú farapa nínú bọ́ọ̀sì náà, àbí?"

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo wò ó, ó wò mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Màámi wá. Àǹtí olùtọ́jú ti pè wọ́n. Wọn ò pariwo, ì bá sì sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé Kí-Nìyẹn lé itan, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pe ọkọ mi lórí fóònù, kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ síta. Ìyálé mi dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Bàtà, mo fojú fò ó," Màámi bẹ̀rẹ̀. "Bọ́tìnnì tí kì í pé, mo fojú fò ó. Odindi ọmọ? Ọmọ tó ń fi ṣíbí pupa kan gíláàsì, tí ìyá rẹ̀ ń rìn lọ!"

Ṣíbí mi ti débẹ̀ ṣáájú mi.

"Màámi, èmi kọ́."

"Ta wá ni?"

Mi ò tíì fẹ́ sọ ọ́. Ọlọ́run gbọ́, mi ò tíì fẹ́ sọ ọ́. Mo sáré mú ìwé Dókítà. Èrò mi ni pé ohun tí ìwé bá ti sọ, àgbà á gbà. "Ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan fún yín, Màámi. Àwọn dókítà ló kọ ọ́." Mo ṣí i. "Ìwádìí lórí ìrántí àti ìgbàgbé..."

"Dúró ná. Dókítà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lórí ìgbàgbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n..."

"Ìwọ wà nínú rẹ̀?"

"Mo wà lára àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n Màámi, ẹ jẹ́ kí n..."

Wọ́n káwọ́ lérí. "Mo gbé! Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà! Ìgbàgbé rẹ̀ ti le débi tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé!"

Ọkọ mi ké láti inú fóònù. "Dókítà wo? Ara ẹ ò yá ni? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ara mi yá! Ìwádìí lásán ni!"

"Ẹni tí ara rẹ̀ yá," Màámi ní, "kí ni wọ́n ń wádìí lára rẹ̀?"

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n tì í sínú báàgì wọn, bí ẹni kó ẹ̀rí pamọ́. Wọ́n dìde pẹ̀lú ọmọ mi lápá. Kí-Nìyẹn nawọ́ sí ojú mi tó ń ṣomi. "Mọ́mì, kí nìyẹn?"

Ìgbà náà ni mo ṣe é. Mo na ìka sí ẹnu ọ̀nà.

"Àwọn ni! Ìyálé mi ni! Àwọn ni wọ́n gbàgbé ọmọ wọn. Nílé ìdáná ni wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ fún mi!"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde. Mo wo ojú ìyálé mi, mo ń retí kí wọ́n sẹ́, nítorí ohun tí èmi ì bá ṣe nìyẹn.

Wọn ò sẹ́. Wọ́n rìn wá sí àárín yàrá, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ìyá wa, òótọ́ ló sọ. Èmi ni. Ọmọ tèmi ni mo gbàgbé."

Màámi wò wọ́n. Omi wá lé ròrò sójú Màámi.

"Ẹ wá wo ìyálé," wọ́n ní. "Ẹ wá wo obìnrin! Wọ́n naka ẹ̀sùn sí i, ó kúnlẹ̀ gbà á, kí ilé ọkọ rẹ̀ má baà dàrú. Dìde, ìyàwó àgbà."

"Ìyá wa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ. Awakọ̀ ló..."

"Mo ní kó o dìde. Ìwọ tí mo mọ̀ yìí? Bí wọ́n gbé òkè lé ọ lórí, o ò ní sọ pé ó wúwo." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ, o ò tilẹ̀ ní ojú tì. Kí-Nìyẹn á máa gbé lọ́dọ̀ mi títí àwọn dókítà rẹ á fi sọ pé ara rẹ ti dá."

"Màámi," ohùn ọkọ mi jáde, ó rẹlẹ̀. Mo na ọrùn sí fóònù náà. "Ẹ... ẹ bá wa mójú tó o. Fún ìgbà díẹ̀."

Ìyálé mi ló bá mi di ẹrù ọmọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún wọn.

"Má wulẹ̀ kúnlẹ̀," wọ́n ní. "Mo ti kúnlẹ̀ fún àwa méjèèjì lónìí, kò sẹ́ni tó gbà á."

"Ṣé ẹ ń bínú sí mi, Àǹtí?"

"Mò ń bínú. Kí ni màá fi ìbínú ṣe?" Wọ́n ká aṣọ kékeré kan, wọ́n tún tú u, wọ́n tún ká a. "O gbé e kúrò lórí mi láìjẹ́ pé mo ní kó o gbé e. Ní báyìí, bí wọ́n bá ń yìn mí, ṣe ló ń ṣe mí bí èébì. Mo sọ òótọ́, wọ́n fi ṣe oríkì fún mi."

A di ẹrù tán.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ́ wa lówe yìí ní kíláàsì, mo sì gba máàkì níbẹ̀. Ohun tí mo ṣẹ̀ gan-an ni pé mo da ìyálé mi. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí léèrè ìyẹn. Ohun tí mi ò ṣe ni gbogbo ayé ń dárí rẹ̀ jì mí.

Èmi náà sì ti ń rí i báyìí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, tí mo dijú, mo ń rí ìjókòó ẹ̀yìn. Ojú Kí-Nìyẹn ni mo ń rí níbẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ ìyálé mi. Mo mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé mo mọ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi, mo máa ń lọ wo ọmọ mi. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, Màámi ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣi bàtà wọ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti là dáadáa, ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Àwọn àlejò Màámi kì í wọ́n, kò sì sí àlejò tí wọn kì í sọ ìtàn náà fún, pẹ̀lú ọmọ lórí itan.

Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, Kí-Nìyẹn sìn mí dé ibùdókọ̀. Màámi dúró lókèèrè, wọ́n ń ṣọ́ wa. Bọ́ọ̀sì dé. Ọmọ mi nawọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo ń retí ìbéèrè rẹ̀.

Kò bi mí ní ìbéèrè. Ó ní, "Ibẹ̀ ni."

"Ibẹ̀ ni kí ni, ọmọ mi?"

"Ibẹ̀ lẹ gbàgbé mi sí. Mo ń fi ṣíbí mi kan gíláàsì. Kó, kó, kó. Ẹ ò gbọ́."

"Ṣíbí wo?"

"Ṣíbí mi pupa," ó ní, bí ẹni ń dá ẹni tí kò gbọ́n lóhùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo la ẹnu láti ní, kò rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ò wọ bọ́ọ̀sì yẹn rí. Mo rántí ohun tí Dókítà sọ. Mo wo ojú ọmọ mi, mo rí i pé ó ti rí i, gbogbo rẹ̀, gíláàsì, ṣíbí, ẹ̀yìn mi tó ń lọ.

Awakọ̀ fun fèrè. Kí-Nìyẹn fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nu ojú mi.

"Ẹ má sunkún, Mọ́mì. Mi ò bínú sí yín mọ́."

Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Mo wọlé, mo jókòó. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kí n tó dìde, mo yíjú padà wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ṣófo. Mo tún wò ó.